Pínnì Ọrùn Aṣọ: ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ilé-Ifẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àti àwọn obìnrin dúdú tó jà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá jókòó sínú ooru yìí, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfaradà. Àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi, mi ò tún un ṣe púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ní 2016, Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí ère Mọremí nílùú wa níbí, ère tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42. Àwọn àlejò máa ń dúró síwájú ẹ̀ ya fọ́tò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti jókòó síbẹ̀ yà á sínú ìwé títí, èmi náà ti yà á. Inú mi dùn sí ère yẹn o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo wá bú u. Ìlú tó gbé obìnrin sókè débi pé ọmọdé gbọ́dọ̀ na ọrùn kó tó rójú ẹ̀, ìlú yẹn ṣe dáadáa, ìlú tó ṣe bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

Àmọ́ ẹ rántí ìtàn náà bí àwọn ìyá wa ṣe sọ ọ́ fún wa. Àwọn ará Ùgbò ń wọ̀lú, wọ́n fi ìko bora látorí délẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ rò pé ará ọ̀run ni, ká sáà máa sá. Mọremí lọ sódò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́jẹ̀ẹ́, ó jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, ó dọ́hùn-ún ó di aya ọba, ó fara balẹ̀ wo àṣírí wọn, ó sì sá padà wálé wá sọ pé èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, iná ni kẹ́ ẹ gbé dìde sí wọn. Ògùṣọ̀ ló parí ogun. (Àwọn ará Ùgbò ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn, wọn ò sì pè é ní akọni, mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn náà.) Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ló wá padà sódò lọ san ẹ̀jẹ́, ó mú ẹran lọ, odò ò gbà, Olúorogbo ni odò ń fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ère ẹsẹ̀ bàtà 42 ń sọ fún wa pé ó ṣẹ́gun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbẹ́ obìnrin tó ń bọ̀ láti odò tí ò mú ọmọ dání mọ́? Ọdún Ẹdì máa ń rántí ẹ̀, Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ru ẹbọ ìlú, máa ń gbé ẹrù ìlú jáde, orin wà níbẹ̀, ẹkún wà nínú orin. Lára òkúta àti sìmẹ́ǹtì, ẹkún yẹn ò sí.

Ohun tí mo wá sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ. Tá a bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà yẹ́ obìnrin tó jà sí, ká fi ohun tó fọwọ́ ẹ̀ ṣe hàn, ká sì fi ohun tó pàdánù hàn. Ká má fi agbára nìkan hàn. Nítorí ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó níbí mọ̀ ọ́n ju èmi lọ, ọ̀rọ̀ "o lágbára" yìí, tí wọ́n bá ti sọ ọ́ sí èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹrù ló kù tó ń bọ̀ lórí ẹ̀. Wọ́n á ní ìyá oníṣu lágbára, kò sì ní sẹ́ni tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ mí lára.

Màmá mi ta epo pupa fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù tíríì, àwọn kan tó máa ń gba owó ìsọ̀ gbé owó tuntun lé owó àtijọ́ lórí, àwọn ìyá ọjà ní àwọn ò san, wọ́n ti ọjà pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìpàdé tí wọ́n ṣe, ọmọdé ni mí, ohun tí mo mọ̀ ni pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì màmá mi wọlé, bùbá ẹ̀ ti ya láti ọrùn dé àyà, ó sì ti fi pínnì há a. Pínnì kan báyìí tó máa ń wà létí ìró ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òun ló fi ń yọ ẹ̀gún lọ́wọ́ wa, òun ló fi ń há owó mọ́ tòbí. Ó jókòó, ó bu omi mu, ó bi wá pé ṣé a ti jẹun. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a ò sì béèrè. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ṣí ọjà, owó àtijọ́ ni wọ́n sì ń san. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ẹ̀, pínnì yẹn nìkan ni mo fi ń rántí.

Ọdún bíi mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà yẹn mo wà ní yunifásítì, mò ń ṣí ìwé kan ní láíbìrì, ìwé àwòrán àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, mo kàn ń ṣí i lọ ni. Mo débi àwòrán obìnrin kan, àgbàlagbà, ó dé fìlà koríko ẹlétí fífẹ̀, ojú ẹ̀ le bí igi ìrókò, irun ẹ̀ ti funfun, ó ń wo ọ̀ọ́kán, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Níbi ọrùn aṣọ ẹ̀, pínnì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pa ìwé yẹn dé. Mo jókòó síbẹ̀. Mo tún ṣí i. Pínnì ni lóòótọ́, ẹni tó gbẹ́ àwòrán náà fara balẹ̀ gbẹ́ ẹ kí gbogbo ayé lè rí i.

Elizabeth Catlett lorúkọ ẹni tó ṣe é, Sharecropper lorúkọ àwòrán, ó gbẹ́ ẹ ní 1952. Sharecropper ni àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ olówó, tó ń fi apá ńlá nínú irè oko san owó ilẹ̀. Mi ò nílò kí n ṣàlàyé ìṣákọ́lẹ̀ fún ará Ifẹ̀, àmọ́ tiwọn le ju ìyẹn lọ, torí lọ́wọ́ onílẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń yá irúgbìn àti oúnjẹ, tí ìkórè bá dé, gbèsè á ti gbé e mì, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látinú gbèsè. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò lọ́dọ̀ wa ńbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọdún 1915 ni wọ́n bí Catlett ní Washington. Bàbá ẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, àwọn ìyá àgbà ẹ̀ ló sọ ìtàn oko ẹrú fún un. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ẹ̀kọ́ kan ti fún un ní sikọ́láṣíìpù, nígbà tí wọ́n wá mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni, wọ́n gbà á padà. Ó lọ síbòmíì. Lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, nílé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán máa ń wá nírọ̀lẹ́, àwọn tó ń se oúnjẹ nílé onílé, àwọn tó ń fọṣọ, àwọn tó ń gbálẹ̀. Ó ń kọ́ wọn ní ère gbígbẹ́, ó sì ń kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ìyẹn dáadáa, ayàwòrán tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ló mọ ohun tí pínnì túmọ̀ sí lọ́rùn aṣọ.

Nígbà tó wá rí owó tó lè fi ṣiṣẹ́ tara ẹ̀, ó kọjá sí Mẹ́síkò, ibẹ̀ ló ti gbẹ́ àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín 1946 sí 1947 lórí obìnrin dúdú. Linocut ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yẹn. Èèyàn á mú rọ́bà pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ yàrá, á fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ibi tó bá fẹ́ kó funfun kúrò, á fi yíǹkì pa ibi tó ṣẹ́kù, á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹyọ kan lè di igba, kò wọ́n, ẹni tí ò lówó ère lè rí i lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn tí Catlett bá ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Mẹ́síkò, torí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń lò ó, kí àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ lè ní in.

Ohun tó pa mí jù nínú àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ni ẹnu tó fi sọ ọ́. Abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ló kọ gbólóhùn sí, gbogbo ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ bíi pé obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ ara ẹ̀, èmi ni obìnrin dúdú, èmi ti ṣiṣẹ́ kára láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Tó bá dórí Harriet Tubman, tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1849 tó sì ń padà lọ kó àwọn ẹlòmíì jáde, kò sọ pé Harriet ṣe báyìí, ó ní nínú Harriet Tubman èmi ti ran ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ́wọ́ dé ibi òmìnira. Èmi! Obìnrin tó ń fi kànrìnkàn họ ilẹ̀ nínú àwòrán kan, òun náà ni Harriet tó ń nawọ́ síwájú nínú èkejì, ọwọ́ ńlá, ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo bébà. Ó dà bí ẹkún ìyàwó létí mi, níbi tí ọmọbìnrin ti ń fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ara ẹ̀ àti ìran ẹ̀ pọ̀, tí ẹ ò ní mọ ibi tí òun ti parí tí ìyá ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún wá gbẹ́ ìbẹ̀rù mọ́ ọn: àwòrán kan wà tó jẹ́ ọkùnrin tí wọ́n so lókùn lọ́rùn tí òkú ẹ̀ sùn sílẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù àrà ọ̀tọ̀ wà lọ́kàn òun nítorí àwọn èèyàn òun. Obìnrin alágbára tó ń bẹ̀rù. Ìyẹn ni mi ò tíì rí nínú ère tiwa.

Òun náà jẹ nínú ìyà ọ̀rọ̀ yìí o. Ó di ọmọ Mẹ́síkò ní 1962, ìjọba Amẹ́ríkà ò sì jẹ́ kó wọ ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àwọn tó ń bá rìn. Ó pẹ́ láyé ṣá, 2012 ló kú, ẹni ọdún 96.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n mú yín padà wálé, torí ọdún kan náà ni. 1946, 1947, tí Catlett ń gbẹ́ rọ́bà ní Mẹ́síkò, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta? Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti àwọn obìnrin ọjà ń jà lórí owó orí. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15, owó orí, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin di 16 kó tó san. Ọlọ́pàá ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn aláte. Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé wá ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláte, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, lẹ́yìn náà àwọn aláte wá ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní bí wọ́n ṣe ń jà. Ìyáàfin bọ́ gáùn, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, Yorùbá ló ń sọ nípàdé. Nígbà tí wọn ò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní píkíníìkì làwọn ń lọ. Ní ìparí 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sùn síwájú ààfin Aké mọ́jú, orin ni lálẹ́, orin ni láàárọ̀, orin òwe, orin èébú, orin tí ọkùnrin ò lè dúró gbọ́. Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo ní 1948, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní January 1949. Owó orí obìnrin dúró.

Orin yẹn ni iṣẹ́ ọnà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi yẹ́ wọn sí, àwọn fúnra wọn ló sì ṣe é. Èmi ò gbà pé ère ni ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹ́sí. Àwọn obìnrin Igbo àti Ìbíbíò náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1929, orin àti ijó ni wọ́n gbé dìde sí àwọn wáráǹtì ṣíìfù, àwọn olóyè tí òyìnbó yàn lé wọn lórí, títí àwọn sójà àti ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó fi yìnbọn, tí obìnrin bí àádọ́ta fi kú.

Mo ti rí àwòrán Ìyáàfin Kútì tó pọ̀, lára ògiri, lára tíṣáàtì. Gíláàsì ojú ẹ̀, gèlè, ìkúùkù lókè. Ó dáa. Àmọ́ ẹ bá mi wá ẹnì kan tó ya ọwọ́ àwọn aláró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ìgbà yẹn àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ti bá Aláké fa wàhálà nítorí sódà àti aró òyìnbó nínú àwọn ọdún 1930, èèyàn tó ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró lójoojúmọ́, aró máa ń wọ ojú èékánná ẹ̀, kì í lọ. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ̀rún obìnrin tó na ọwọ́ sókè ní Aké, tí ọwọ́ yẹn sì jẹ́ àwọ̀ aró. Ta ló ń yà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ fáìn áàtì tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mo ti fún yín o, ẹ lọ yà á. Ẹ sì yà á pé ní 18 February 1977 àwọn sójà ju ìyá náà, ẹni ọdún 76, látojú wíńdò òkè nílé Fẹlá ọmọ ẹ̀, tí ara ẹ̀ ò dá mọ́ títí tó fi kú ní 13 April 1978. Tá a bá ya ìkúùkù tá ò ya wíńdò, ìdajì la sọ.

Rosa Parks ńkọ́? Ère ẹ̀ wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní February 2013, ère aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó pé láti orí dé ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó, ó di báàgì mú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni pé aránṣọ kan tó ti rẹ̀ ló jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní 1 December 1955, kò dìde fún òyìnbó. Rárá o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ni láti 1943, ó ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ tó pẹ́, ó mọ ohun tó ń ṣe. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jo Ann Robinson, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ lóru, òun àti olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì, wọ́n tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé pélébé pé kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ mọ́ bá wọn nídìí ẹ̀, wọ́n sì gbé e káàkiri. Ọjọ́ 381 ni àwọn èèyàn fi fẹsẹ̀ rìn. Àwa tíṣà àtijọ́ mọ ẹ̀rọ yẹn, sáíkílósítáìlì tí wọ́n fi ń tẹ kúẹ́ṣọ̀n ìdánwò, téèyàn á máa yí i títí èjìká á fi máa ro ó, tí yíǹkì ẹ̀ á wà lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ì bá fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó Rosa Parks. Obìnrin tó jókòó, obìnrin tó dúró nídìí ẹ̀rọ, obìnrin tó fẹsẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, igi kan ò dágbó ṣe.

Ẹ má sì sọ pé ti Amẹ́ríkà nìyẹn. October 2020, nígbà ẹ̀ńdì sáàsì, fọ́tò Aisha Yesufu tó wọ hìjáàbù tó na ìkúùkù sókè ní Àbújá, kí lẹ̀yin náà rò pé ó fà á tí gbogbo ayàwòrán fi yà á? Ó lẹ́wà ni, ó lágbára ni, ó yẹ bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ti ń jà láti ìgbà àwọn ọmọ Chibok ní 2014. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin míì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa kó owó jọ, kí wọ́n máa wá lọ́yà fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, kí wọ́n máa san owó ọsibítù, kí wọ́n máa gbé omi àti oúnjẹ lọ fáwọn tó wà lójú títì, orí fóònù ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, lóru, tí ojú ń ta wọ́n. Kò sí ìkúùkù níbẹ̀. Ó ṣòro yà, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ iṣẹ́ ayàwòrán.

Ère kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an tó mú mi rántí Mọremí. Ní Copenhagen, ní Dẹ́nmáàkì, ní 2018, obìnrin dúdú méjì, La Vaughn Belle àti Jeannette Ehlers, gbé ère kan dìde tó ga tó mítà méje, wọ́n pè é ní I Am Queen Mary. Mary Thomas ni, òṣìṣẹ́ oko ìrèké ní erékùṣù St. Croix nígbà tí Dẹ́nmáàkì ń jọba níbẹ̀. Ní 1878 ó wà lára àwọn obìnrin tó ṣáájú nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dáná sun oko, nítorí wọ́n ní ẹrú ti parí bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń gbà àti òfin tí wọ́n fi dè wọ́n ẹrú náà ni. Wọ́n kó o lọ sẹ́wọ̀n ní Dẹ́nmáàkì. Nínú ère yẹn ó jókòó sórí àga bí ọba, ògùṣọ̀ lọ́wọ́ kan, àdá ìrèké lọ́wọ́ kejì. Ògùṣọ̀! Ará Ifẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lóye ère yẹn. Ohun tí wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀ ló tún dára jù lójú mi, òkúta inú òkun látinú àwọn ilé àtijọ́ St. Croix, òkúta tí àwọn ẹrú fọwọ́ ara wọn gé. Àwọn tí orúkọ wọn ò sí níbì kankan ló gbé ọbabìnrin yẹn sókè. Ìjì wó o ní December 2020, torí kì í ṣe bàbà, nǹkan fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ní Bristol ní Íńgílándì, ọdún 2020 yẹn náà, àwọn èèyàn wó ère Colston oníṣòwò ẹrú, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jen Reid gun orí òkúta tó ṣófo yẹn, ó na ìkúùkù, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà kan tó jẹ́ òyìnbó, Marc Quinn, gbẹ́ ère ẹ̀, ó gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù láìgba àṣẹ, ìjọba ìlú sì gbé e kúrò lọ́jọ́ kejì. Àwọn oníṣẹ́ ọnà dúdú kan bínú sí i, pé kí ló dé tí kò fàyè fún wọn. Lójú tèmi fọ́tò yẹn ju ère lọ, torí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi gun un.

Èmi wá ń ronú pé níbí yìí, a ti ní ọ̀nà tiwa tó dáa ju èyí tó kàn ń ga lọ, ó kàn jẹ́ pé a kì í wò ó ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ojúbọ Òrìṣàkirè mọ ògiri ẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń kùn ún, àwọn àgbà obìnrin, funfun, pupa, dúdú, wọ́n ń tún un kùn lọ́dọọdún nígbà ọdún òrìṣà, tuntun ń bọ́ sórí àtijọ́. Moyọ̀ Òkédìjí tó kọ́ni ní yunifásítì wa níbí wà lára àwọn tó lọ jókòó tì wọ́n kọ́ nǹkan lára wọn, òun náà ló sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ara ẹ̀ sídìí ògiri yẹn, ọwọ́ mẹ́fà, ọwọ́ mẹ́jọ ló wà lára àwòrán kan. Tí ẹnì kan bá kú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ ibi tó máa ń kùn. Ṣé ẹ rí i, ògiri yẹn ò lè wó lulẹ̀ bíi ti Copenhagen kó sì tán síbẹ̀, torí kò fìgbà kan parí.

Ẹnì kan bi mí láàárín ọ̀rọ̀ pé ṣé mo wá ń kọ́ àwọn obìnrin láti máa bá ọkọ wọn jà ni. Rárá o, bàbá mi. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Bàbá tó bí mi ló ń gbé epo jáde láàárọ̀ fún màmá mi lọ́jọ́ mẹ́ta tí ọjà fi tì yẹn, kí àwọn oníbàárà lè wá rà á ní kọ̀rọ̀, òun náà jà.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti kíláàsì mi. Ní táàmù tó kọjá mo ní kí àwọn ọmọ èsì-èsì-tú ya obìnrin kan tó jà fún ìlú. Ó lé ní ìdajì tó ya Mọremí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó mọ̀ ọ́n yà dáadáa, ya Mọremí tó tíńrín níbàdí, ó kùn ún létè, ó gbé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Mo bi í pé ọwọ́ ńkọ́? Ó ní, "Má, ọwọ́ ló ṣòro jù." Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹni tó ti yàwòrán rí mọ̀ pé ọwọ́ ló ń dààmú èèyàn jù, ìka á máa gùn jù, á máa dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi í pamọ́ sẹ́yìn tàbí sínú aṣọ. Mo jókòó tì í. Mo ní kó wo ọwọ́ tèmi, kó yà á, egungun ibí, iṣan ibí, àpá ibi tí ọ̀bẹ ti gé mi. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì. Mọremí tó wá yà lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ kan di ògùṣọ̀ mú, èkejì ṣí sílẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìka tó là díẹ̀ bíi pé ó ṣì ń di ọwọ́ ọmọ kan mú. Mi ò sọ fún un kó yà á bẹ́ẹ̀ o. Ó wà lára ògiri kíláàsì mi ní báyìí, ẹ wá wò ó.

Nítorí náà Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, inú kíláàsì yẹn náà, a máa gbẹ́ rọ́bà. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ mọ àwòrán yà. Ẹ mú ègé rọ́bà ilẹ̀ tó ti gbó dání, kó máà tóbi ju ìwé kíkọ lọ, ẹ mú bíléèdì tuntun, ẹ mú fọ́tò ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ bá hàn nínú ẹ̀. Tí ò bá sí fọ́tò, tí ìyá fúnra wọn bá ṣì wà, ẹ mú wọn wá, àga wà. Èmi á mú yíǹkì wá.